Jẹ̀díjẹ̀dí Àwọn Tó Ga

Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi gígùn mi kí mi. Bí mo bá wọ aṣọ tuntun jáde, àwọn ìyá àdúgbò á ní, "Agùntáṣọọ́lò, aṣọ yìí mà yẹ ọ́ o." Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mi ò sì ní í ṣe ojú ayé lórí ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ibi kan ṣoṣo tí gígùn mi ti pa mí lára ni yàrá ìkáṣọ ilé-iṣẹ́ kan láàárín Òṣòdì sí Ìṣọlọ̀, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde.

Àwọn awakọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún títì nígbà náà, náírà sì ti gba ipò pọ́n-ùn. Ilé-iṣẹ́ ń hù lẹ́bàá títì Ìṣọlọ̀ bí olú ṣe ń hù lẹ́yìn òjò. Àwa tá a wá láti ìhà Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun gba yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé tí ojú ilẹ̀kùn kọjú síra wọn, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Inú wa ń dùn. Ẹni tí kò bá ríṣẹ́ ní Ìṣọlọ̀ nígbà yẹn, kò wá iṣẹ́ ni.

Iṣẹ́ yàrá ìkáṣọ ò le láti ṣàlàyé. Bí aṣọ bá ti inú ẹ̀rọ jáde tán, àwa la máa ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àbàwọ́n, ká wá ká a, ká dì í, ká gbé ìdì náà síbi tí ọkọ̀ á ti kó o. Orí ìdúró la ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Tábìlì yẹn ò sì dé ìbàdí mi rárá, àárín itan mi ló mọ. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń tẹ̀ kọrọdọ lé e lórí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Tó bá wá dìgbà tá a fẹ́ lọ sílé, mo ní láti fi ọwọ́ ti ìbàdí mi kí n tó lè nàró.

Èmi nìkan kọ́. Kò sí obìnrin tó ga níbẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ ò máa ro ó. Ẹ sì mọ àwa Yorùbá: ìbàdí ò lè ro ọmọ wa kó má jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí fún wa, bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń wí fún ara wa. Ohun dídùn sì kún Èkó nígbà náà. Àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀kọ tútù ni wọ́n fi dàgbà ti ń fi mílíìkì inú agolo pa búrẹ́dì lára. Mínírà ò tún dúró de ọjọ́ ọdún mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wá bára mu lójú gbogbo wa: owó dé, adùn tẹ̀ lé e, jẹ̀díjẹ̀dí sì ni ó kángun sí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lóore jù lọ ni ìyá alágbo tó wà lẹ́nu géètì wa. Bí aago bá ti lù pé ká lọ sílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa kọ́kọ́ yà sí. Mo mu àgbo náà. Ó korò, ó sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe: ikùn mi ṣí gbayawu, àmọ́ ìbàdí mi ò tilẹ̀ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni mu nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n kan ló mú mi wọ ilé-iṣẹ́ yẹn. A kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìlú wọn ló súnmọ́ tiwa lọ́nà Ọ̀ṣun, yàrá wọn ló sì kọjú sí tèmi ní Ìṣọlọ̀. Àwọn náà ga, bóyá wọ́n tilẹ̀ jù mí lọ díẹ̀. Ọkọ wọn ti kú. Aṣọ kíká yìí nìkan ló so wọ́n mọ́ Èkó, nítorí àwọn ọmọ wọn ti wọ iléèwé níbẹ̀, àkọ́bí sì ń múra ìdánwò tó máa gbé e wọ iléèwé gíga. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, ìlú ni gbogbo wọn ń lọ, ìwé ọmọ náà á sì dá dúró.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń jayé ni tíì. Wọ́n ní nígbà táwọn wà ní kékeré, bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣàìsàn nínú ilé, ojú àwọn ò lè kan ṣúgà. Nítorí náà, bí wọ́n ti dé Èkó, gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń po tíì, wọ́n á da ṣúgà sí i títí ṣíbí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró nínú ife. Mo fẹ́ràn láti máa wo ojú wọn bí wọ́n bá ti gbé e sẹ́nu. Ìgbà tí ìbàdí wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, tí ìyá alágbo ní kí wọ́n jáwọ́ nínú adùn, lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n jáwọ́. Wọ́n gbé agolo ṣúgà wọn wá sí yàrá mi, wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀, kójú àwọn má baà máa rí i. Àánú wọn ṣe mí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ wá fún mi wò.

Ṣúgà lọ, ìrora ò lọ. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Obìnrin kan wà tí òun àtèmi jọ ń lo tábìlì kan. Kúkúrú ni, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí a ò bá ṣọ́ra, a lè ká a mọ́ aṣọ. Obìnrin yìí, bó ṣe ń mu mínírà láàárọ̀ ló ń mu ún lọ́sàn-án. Ó ń lá mílíìkì láti inú agolo. Gàrí tí ṣúgà rẹ̀ ò bá pọ̀, kì í mu ún. Síbẹ̀ n kò gbọ́ ọ kó kérora rí. Àwọn tó kù ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló le. Èmi ò gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ibi tí tábìlì mọ fún èmi, kò mọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó kàn án ní ìbàdí gẹ́lẹ́. Ó dúró ṣánṣán, ó ń ká aṣọ bí ẹni tó ń ṣeré, nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tá ò fẹnu kan adùn mọ́ ń rìn bí ẹni tó gbé odó sẹ́yìn.

Inú bí mi. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé jẹ̀díjẹ̀dí máa ń wọn èèyàn kó tó mú un ni?"

"Kí ló dé?"

"Ẹ wo obìnrin yẹn. Ṣúgà tó ń jẹ tó ti gbogbo wa. Àwa tá a ga nìkan ló ń mú. Tábìlì yẹn ni."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń ro wọ́n. "Tábìlì ò jẹ ṣúgà, agùntáṣọọ́lò mi. Báwo ló ṣe máa fún mi ní jẹ̀díjẹ̀dí?"

Àmọ́ àwọn fúnra wọn ló wá sọ ohun tó tú àṣírí náà fún mi. Wọ́n ní nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, bẹ́ǹṣì wà nídìí gbogbo tábìlì. Ẹni tó jókòó ni káfíńtà ní lọ́kàn tó fi kàn wọ́n mọ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí bẹ́ǹṣì? Ẹ̀kọ́ ilé ló gbé wọn lọ.

Ọ̀gá tó ń bójú tó yàrá wa jẹ́ àgbàlagbà kan láti ìlú kan lọ́nà Abẹ́òkúta, àgbà ìjọ, tí kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sójú kan. Ó ń rìn láti tábìlì kan dé òmíràn, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Ibi tó bá sì dé, àwọn obìnrin á dìde, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà." Ta ló máa jókòó sílẹ̀ kí àgbà máa rìn kiri lórí ìdúró? Bó bá ti kọjá, wọ́n á jókòó. Kó tó pẹ́, á tún padà dé, wọ́n á tún dìde. Aṣọ ń bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ò yá. Nígbà tó sú ọ̀gá, ó ní, "Ó tó. Ẹ kó bẹ́ǹṣì yẹn kúrò. Ẹ kúkú dúró lẹ́ẹ̀kan náà." Wọ́n kó bẹ́ǹṣì lọ sí sítọ́ọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, torí lójú gbogbo wọn, ó bójú mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ti rí i pé mi ò pe bàbá àgbàlagbà yìí ní "wọ́n." Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Bó ṣe rí lọ́kàn mi nígbà náà ni mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ bá mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti burú. Aṣọ tí wọ́n ń ká ò tó tàwọn tó kù mọ́. Ọ̀gá pè wọ́n, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ le, ó ní, "Ìyá, bí ẹ bá ti Iléyá dé, tí ìbàdí yín ò bá tíì gbádùn, ẹ máa lọ bá àwọn tó ń gbá àgbàlá. Iṣẹ́ ìyẹn fúyẹ́." Ó rò pé àánú ni òun ń ṣe. Ẹni tí ìdúró-tẹ̀-díẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, òun ni ọ̀gá fẹ́ fún ní ìgbálẹ̀ ọwọ́, kó wá tẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Mo gé ètè mi jẹ kí ẹnu mi má baà ṣe mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bínú. Èyí ló dùn mí jù. Wọ́n di gbogbo ẹrù wọn. "Bí mo bá lọ Iléyá yìí, mi ò padà mọ́," ni wọ́n wí. "Bá mi wo àwọn ọmọ títí wọ́n á fi gba ìsinmi, màá wá kó wọn."

"Ìdánwò àkọ́bí ńkọ́?"

Wọ́n ń fi okùn di àpótí, wọ́n sì ní láti jókòó lé e lórí kí wọ́n tó lè so ó.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá dé. Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa ti lọ sílé, yàrá ìkáṣọ dá páro bí ọjà tó tú. Ó wá bọ́ sí àsìkò tí aṣọ àwọn ọmọ iléèwé gbọ́dọ̀ jáde, ọkọ̀ tó máa kó o sì ti dúró síta. Ọ̀gá wo ìta, ó wo àwa díẹ̀ tó kù, ó bọ́ táì ọrùn rẹ̀.

"Kí ló wà nínú aṣọ kíká?" ló wí, ó sì ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè.

Mo ní láti sọ pé ọ̀gá wa ga ju gbogbo wa lọ. Ó dúró sí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kọ orin ìsìn lábẹ́ ẹnu. Nígbà tó yá, orin dákẹ́. Nígbà tó tún yá, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ tábìlì. A parí iṣẹ́ náà, ọkọ̀ gbé ẹrù lọ. Mo ti mọ̀ pé ilẹ̀ á mọ́.

Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kan níwájú, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ìgò àgbo lọ́wọ́ kejì. Ó ti yà lọ́dọ̀ ìyá alágbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín: ó ti ń wàásù fún wa láti ọjọ́ yìí pé ẹnu wa ló ń pa wá, pé òun kì í jẹ ṣúgà, òun kì í mu mínírà, àti pé ìdí nìyẹn tára òun fi le. Bí wọ́n bá fún un ní tíì níbikíbi, omi gbígbóná lásán ló ń béèrè.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrora sà. Kí ló dé?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni."

"Háà. Kí lẹ jẹ sà?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Ẹ rántí dáadáa sà. Bóyá mínírà ni."

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ pé n kì í mu mínírà."

"Àbí búrẹ́dì oníṣúgà?"

Obìnrin kúkúrú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá nǹkan, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá wò mí títí. Ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ̀ pé òótọ́ wà lọ́wọ́ mi, àgbà ìjọ sì ni, kò ní í lè purọ́ láàárọ̀ yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí, "ẹ kàn súnmọ́ tábìlì yẹn, kẹ́ ẹ sì dúró gangan."

Ó súnmọ́ ọn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ náà ò kan tábìlì. Ó ní kí obìnrin kúkúrú wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó wò ó. Ó ní kémi náà wá, ó wò mí. Ọ̀gá wa kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbé ìgò àgbo kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Àwọn bẹ́ǹṣì yẹn dà?"

Wọ́n kó wọn jáde láti sítọ́ọ̀, a nu eruku wọn nù. Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó kù. Bẹ́ǹṣì wà nílẹ̀, ọ̀gá ní ká jókòó, a ní, "Ẹ ṣé sà," a sì dúró gbagidi. Ó tún un wí. Àwọn kan fi ìdí kan bẹ́ǹṣì. Bó ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, gbogbo wọn fò dìde. Èmi náà tí mo ja ìjà bẹ́ǹṣì dìde. Orúnkún mi ò bi mí léèrè.

Bàbá náà wò wá. Ó fa bẹ́ǹṣì kan lọ sí ìdí tábìlì tó gùn jù, ó di etí tábìlì mú, ó sì rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìkérora.

"Ẹ wò mí dáadáa," ló wí. "Àgbà ti jókòó. Ta lẹ wá ń dúró fún?"

A jókòó. Gbogbo yàrá ló jókòó lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bí mo bá ń kọjá, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi kí mi. Ẹ jẹ́ kí orúnkún sinmi. Mi ò ní í ka ẹnikẹ́ni sí aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pe bàbá yẹn ní "wọ́n," nínú ọkàn mi àti lẹ́nu mi. Wọn ò fi mọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé ìdí tábìlì kan, wọ́n á kọ́kọ́ wá ibì kan jókòó sí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, kó má baà sí ẹni tí ara rẹ̀ á fẹ́ dìde. Àwọn náà ni wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá ìdì aṣọ gbé mọ́, kí èèyàn méjì máa gbé e, kí wọ́n sì fi orúnkún lọ sílẹ̀ bá a dípò kí wọ́n tẹ ẹ̀yìn. A rẹ́rìn-ín sí i láàárín ara wa: ìkúnlẹ̀ tá a gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, ìdì aṣọ là ń fi kí. Ẹni tó bá jókòó títí tó sú u á dìde na ara. Obìnrin kúkúrú yẹn ò tilẹ̀ jókòó ní tiẹ̀. Ó ní ibi tóun wà dára fóun, kò sì sẹ́ni tó dà á láàmú.

Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa, mo wọ ọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílùú wọn. Mo bá wọn níbi tí ìyá wọn ti ń fi òrí ra wọ́n níbàdí. Ìsinmi ti jẹ́ kára fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ti ń mu àgbo ìlú wọn. Mo ní wọ́n ti dá bẹ́ǹṣì padà.

"Ká jókòó? Lójú ọ̀gá?"

"Ọ̀gá ló kọ́kọ́ jókòó."

Wọ́n ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Wọ́n ń wo àpótí wọn tí wọn ò tíì tú. Mo sọ fún wọn pé mi ò ní í dá lọ, pé bí wọn ò bá bá mi lọ, ìlú wọn lèmi náà máa gbé. Mo lè jẹ́ olórí kunkun bí mo bá fẹ́. A jọ wọkọ̀ padà ni.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ padà síbi iṣẹ́, etí bẹ́ǹṣì ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí, ẹsẹ̀ kan níta bí ẹni tó fẹ́ sáré. Ọ̀gá dé. Mo rí ìdí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá kò wí pé kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ọ̀gá fúnra wọn ni wọ́n fa àga, wọ́n jókòó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì kọ́kọ́ kí wọn: "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn lórí ìjókòó. Wọn ò sì gbá àgbàlá lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo jáde láàárọ̀, mo bá wọn lójú ilẹ̀kùn wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí, ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán. Àkọ́bí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń kàwé ìdánwò sókè. Ife tíì gbígbóná wà lọ́wọ́ wọn, kò ní ṣúgà kankan nínú.

"Ara ti yá pátápátá," ni wọ́n wí. "Àgbo ìlú wa yẹn mà dára o."

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Gbogbo ìjà tí mo jà, gbogbo ìkúnlẹ̀ yẹn, àgbo ló wá gba ọpẹ́. Mo tún wo ẹ̀yìn wọn, mo wo ọmọ tó ń kàwé. Mo padà wọ yàrá mi, mo gbé agolo ṣúgà jáde, mo sì gbé e síwájú wọn.

Wọ́n wò ó pẹ́. "Ṣé kò ní í dá jẹ̀díjẹ̀dí padà?"

"Ẹ ṣáà máa jókòó mu ún, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ṣí agolo náà, wọ́n sì ń dà á títí ṣíbí fi dúró.